Okùn Oníkókó Márùn-ún

Nígbà tí Mounifatou tú kókó tó kẹ́yìn lára okùn náà ní àárọ̀ Jímọ̀, iná tí okùn ń kìlọ̀ rẹ̀ ti jó láti àná, eérú rẹ̀ ti tutù. Kò tíì mọ̀, torí ọyẹ́ ti bo èéfín rẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn ilé ìdáná kánpúmáà, ilé ìsinmi àwọn òyìnbó, okùn lọ́wọ́, ó ń wo bí ọyẹ́ ṣe bo odò Ọ̀kpárá bí ẹni fi aṣọ funfun bo ọmọ tó sùn. Ó ń to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún Mùsíè, òyìnbó tó ni kánpúmáà, lẹ́nu: pé lónìí ni àwọn ọdẹ apá Alafiarou yóò dáná sun ọ̀dàn, kí àlejò kankan má ṣe gba ojú ọ̀nà ìgbẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Karimou ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Abdou gàdì mú àlejò méjì, òyìnbó kan àti ìyàwó rẹ̀, lọ sí Ọ̀nà Erinmi láàárọ̀ àná, wọn ò sì tíì padà. Mùsíè ní ilẹ̀ ló máa ṣú bá wọn lọ́nà, ó ní wọ́n á ti sùn ní àgọ́ òkè odò.

Bó ṣe ń rò ó lọ ni Abdou yọ láti etí odò.

Abdou ni gàdì tó ń ṣọ́ kánpúmáà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa ò lè dá a mọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Fìlà pupa rẹ̀ ti lọ. Ẹ̀wù kakí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, kì í sì í ṣe òógùn ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Awọ apá rẹ̀ méjèèjì ti bó bí èèpo iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná, ẹran pupa abẹ́ rẹ̀ ń dán. Ó rìn títí ó fi dé iwájú Mounifatou, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọdé.

"Iná ti jó," ó ní. "Àná ni. Karimou ti kú."

Mounifatou wo okùn ọwọ́ rẹ̀. Okùn náà gbọọrọ, kò sí kókó kankan lára rẹ̀ mọ́.

Ọdún kejì tí irin reluwé wọ Parakou ni Mùsíè kọ́ kánpúmáà náà sí etí odò. Nígbà ọyẹ́, àwọn òyìnbó á wọ reluwé láti Cotonou, wọ́n á sọ̀ ní Tchaourou, wọ́n á wá sinmi. Ìsinmi wọn a máa ya Mounifatou lẹ́nu. Àwọn tó ní àga rere nílé wá ń jókòó sórí àpáta, àwọn tó ní mọ́tò ń fẹsẹ̀ rìn láti òwúrọ̀ di ọ̀sán gangan. Wọ́n ń wa ọkọ̀ kékeré lórí odò, wọ́n ń fi ìwọ̀ dẹ ẹja tí apẹja lè fi àwọ̀n kó ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n á dúró wo oòrùn títí yóò fi wọ̀, bí ẹni tí kò dá a lójú pé yóò tún là.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n là sínú igbó fún ìrìn yìí. Ọ̀nà Ẹyẹ yí kánpúmáà ká, kò gùn. Ọ̀nà Ẹfọ̀n wọ inú ọ̀dàn. Ọ̀nà Erinmi ló gùn jù, ó tọ etí odò lọ títí dé ibú tí àwọn erinmi ń sùn sí. Òkúta tí wọ́n kùn lẹ́fun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kí àlejò má bàa ṣìnà. Àwọn ọkùnrin tí gàdì fi okùn so mọ́ra wá láti àwọn abúlé ló la àwọn ọ̀nà náà, ọwọ́ lásán ni wọ́n sì fi padà sílé. Mẹ́rin nínú wọn ò padà rárá. Ejò bu ọ̀kan jẹ, pàṣán ló pa àwọn mẹ́ta tó kù. Mounifatou mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó fẹ́ràn Ọ̀nà Ẹyẹ. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ ibùsùn àwọn àlejò, a máa lọ rìn níbẹ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko, á máa fọkàn yàwòrán ilé kan tó jẹ́ tirẹ̀, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sódò, tí ẹnikẹ́ni ò ní pè é níbẹ̀ pé aṣọ dọ̀tí.

Ṣùgbọ́n kí òyìnbó tó dé, ọ̀dàn yẹn ti ní ẹni tó ni ín. Lọ́dọọdún, tí koríko bá ti gbẹ tán, àwọn ọdẹ a máa dáná yí i ká ní ìhà mẹ́ta. Odò ni ìhà kẹrin. Gbogbo ẹranko á sáré wá sí etí odò, ibẹ̀ ni ìbọn àti ọ̀kọ̀ á ti máa dúró dè wọ́n. Iná kì í sì í mọ àna, kì í mọ ọ̀rẹ́. Nítorí náà ni wọ́n fi ń fi okùn oníkókó ránṣẹ́ sí gbogbo abúlé yíká ṣáájú. Ẹni tó bá gba okùn á máa tú kókó kan lójúmọ́. Ọjọ́ tí kókó bá tán, kí àgbẹ̀ ti kó iṣu rẹ̀ kúrò lóko, kí Fúlàní ti da màlúù rẹ̀ lọ, kí ìyá má rán ọmọ lọ ṣẹ́gi.

Mùsíè fòfin de iná náà. Ó ní ẹranko àlejò òun ni wọ́n ń pa. Àwọn ọdẹ gbọ́, wọ́n ní ebi ò gbọ́ èdè òfin. Ó wá pàṣẹ pé ọdẹ tí wọ́n bá rí lórí ọ̀nà ẹlẹ́fun, kí wọ́n nà án. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ nà ni Kassimou, ọmọ Baba Àlúkò olórí ọdẹ. Ogún ẹgba ni. Oṣù méjì ṣáájú iná ni.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, Kassimou ṣì gbé okùn wá fún kánpúmáà. Ọjọ́ Láádì ni, ìyẹn ọjọ́ Àìkú. Ọ̀sán ló dé, ó sì fara pamọ́ sínú èèsún lẹ́yìn ilé ìdáná, torí àwọn òyìnbó ń mutí létí odò. Wọn ò wọlé títí oòrùn fi wọ̀. Mounifatou ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun ìrọ̀lẹ́ tán, ó ń ká ẹní rẹ̀, nígbà tí Kassimou yọ, tó ki okùn bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní kókó márùn-ún ni. Ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kún un, àmọ́ Abdou ti rí i, ó ti ń sáré bọ̀ pẹ̀lú pàṣán. Kassimou fò wọ èèsún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Gàdì, o mà lè sáré o," ó ké sí i láti inú koríko. "Tó bá di ọjọ́ iná, sá bẹ́ẹ̀ yẹn."

Abdou mí hẹlẹ hẹlẹ padà wá. Ó bi Mounifatou pé kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, Mounifatou ní okùn ọdẹ ni. Abdou ní kó fi pamọ́, kó má sọ fún Mùsíè pé ọdẹ dé ẹ̀yìn ilé ìdáná lójú òun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fìlà pupa orí òun ni yóò bá a lọ. Tó bá di ọjọ́ iná gan-an, kó wá wí.

Karimou ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó lọ pàdé àlejò ní Tchaourou, ọjọ́ kejì ló tó dé. Mounifatou sọ fún un pé okùn ti wà lọ́wọ́ òun. Ní àárọ̀ Àlàmísì, Karimou dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó gbé ìgò omi àlejò kọ́ èjìká, ó ń jẹ iṣu sísun. Ó bi àbúrò rẹ̀ pé kókó mélòó ló kù.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ti òní ni," Mounifatou dáhùn. "Ọ̀kan ló kù. Ọ̀la ni."

Karimou ní kò burú, kí òṣù tó yọ àwọn á ti dé. Ó ya iṣu rẹ̀ sí méjì, ó fún un ní ìdajì, ó lọ.

Ní àárọ̀ Jímọ̀ yẹn, Abdou ròyìn ikú rẹ̀ fún Mounifatou bó ṣe jókòó sílẹ̀, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Wọ́n ti dé ibú erinmi. Madáàmù jókòó, ó ń ya àwòrán odò sínú ìwé, ọkọ rẹ̀ ń fi ẹ̀rọ awò-ọ̀nà-jíjìn wo ẹyẹ. Karimou gbóòórùn èéfín, ó ní ọ̀nà jìn, ọdẹ ibòmíràn ni. Lẹ́yìn náà ni ẹtu bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá. Wọn ò wo èèyàn, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ wọn gan-an ni wọ́n ń gbà. Ìmàdò tẹ̀ lé e, ọ̀bọ, òkété, ejò. Òyìnbó ń rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń pe ìyàwó rẹ̀ kó wá wò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹfọ̀n dé. Ìwo àkọ́kọ́ wọ òyìnbó nínú, ó gbé e sókè, ó jù ú sílẹ̀, àwọn tó kù gba orí rẹ̀ kọjá. Kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n wà, iná ti yọ lórí èèsún, ó ń dún bí ẹni ń fa aṣọ ya.

Karimou gbé madáàmù, ó sá dé odò, ó jù ú sómi bí ẹrù igi. Òyìnbó ṣì ń ké lókè. Abdou ti wà nínú omi dé ọrùn, ó ní òun pe Karimou, òun ní kó fi òyìnbó náà sílẹ̀, ẹni tí ìfun rẹ̀ ti wà níta kì í tún jí. Karimou padà gun òkè. Iná sì kọjá lórí ibẹ̀, ó wá dé etí omi, ó jó gbòǹgbò tí Abdou dì mú, òun náà ò sì lè ju gbòǹgbò sílẹ̀ torí ọ̀nì. Apẹja kan ló gbé madáàmù sọdá odò, ó ṣì ń mí. Abdou dúró títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó rí àwọn méjèèjì. Karimou ló wà lókè, ó na apá méjèèjì bo òyìnbó náà.

Mounifatou ò sunkún. Ìbínú ló kọ́kọ́ dé, ó sì dé bí omi gbígbóná.

"Okùn ní òní ni," ó ní. "Kassimou purọ́ fún wa. Ó fẹ́ gbẹ̀san ogún ẹgba."

Abdou gbójú sókè wò ó.

"Má dárúkọ okùn," ó ní. "Kassimou ni kí o dárúkọ."

Nígbà tí Mùsíè jáde síta pẹ̀lú irun pupa rẹ̀ tí kò yà, tó ń bi gbogbo èèyàn pé ta ló ń ṣáájú àwọn ọdẹ, Mounifatou ló dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Ó ní Kassimou ni. Ó tún sọ abúlé rẹ̀, ó sì na ìka sí ọ̀nà tí wọn á gbà débẹ̀.

Gàdì mẹ́fà ló bá Mùsíè lọ. Láti kánpúmáà, èéfín abúlé náà hàn kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run. Àwọn tó sá wá sí etí odò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n yìnbọn pa ajá tó gbó, wọ́n yìnbọn pa èyí tí kò gbó. Wọ́n ti iná bọ abà iṣu méje, iṣu ọdún kan gbáko, òórùn rẹ̀ sì dùn débi pé ebi ń pa àwọn tó ń sunkún. Baba Àlúkò jáde láti bẹ̀ wọ́n, gàdì kan fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ sì dà sí àyà rẹ̀. Kassimou ti wà ní òdìkejì odò, kò sẹ́ni tó lè mú un níbẹ̀. Ó rí i tí wọ́n tún gbé iná lọ sí ilé tí àwọn obìnrin wà. Ó lúwẹ̀ẹ́ padà, ó na ọwọ́ méjèèjì sí wọn kí wọ́n so ó.

Wọ́n so ó mọ́ ìdí ẹṣin. Ibi tó ti lè rìn ó rìn, ibi tí kò ti lè rìn ẹṣin wọ́ ọ.

Igi ẹmì ńlá kan wà ní àárín àgbàlá kánpúmáà. Ìkọ́ irin wà lára rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn àlejò ń so ibùsùn àsokọ́ wọn mọ́ lọ́sàn-án, tí wọ́n á máa mì lẹ́gẹlẹ̀gẹ. Ìkọ́ náà ni wọ́n so ọwọ́ Kassimou mọ́. Pàṣán awọ erinmi ni wọ́n mú. Gàdì kan tí wọ́n ń pè ní Seidou ni wọ́n fi ṣe é, torí ọwọ́ Abdou ò lè di nǹkan mú. Mùsíè ń béèrè, Abdou ń túmọ̀, Seidou ń nà. Ìbéèrè kan náà ni: ta ló rán an pé kó pa òyìnbó. Kùmándà, òyìnbó aláṣẹ àgbègbè náà, ń bọ̀ láti Parakou láàárọ̀ ọ̀la, Mùsíè sì fẹ́ kí ìjẹ́wọ́ ti wà nílẹ̀ kó tó dé, kí wọ́n lè yìnbọn fún un lójú gbogbo abúlé.

Ní ẹgba kẹwàá, awọ ẹ̀yìn Kassimou là. Ní ẹgba kẹẹ̀ẹ́dógún, Mounifatou rí ohun funfun kan nínú pupa, ó rò pé okùn ni, àfi ìgbà tó yé e pé egungun ni. Kò gbójú kúrò. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé torí Karimou ni.

Kassimou bi Seidou pé ṣé ọwọ́ ò tíì rẹ̀ ẹ́, ṣé kí òun ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀ kó wá gbà á. Seidou fi ìdí pàṣán lu ẹnu rẹ̀. Kassimou tutọ́ ẹ̀jẹ̀, ó sì sọ ohun kan ṣoṣo tó sọ látàárọ̀ láìsí ẹ̀fẹ̀ nínú rẹ̀.

"Mo gbé okùn wá. Láádì ni mo gbé e dé ibí yìí. Láádì, kókó kan. Àtìní, méjì. Àtàláátà, mẹ́ta. Àlàrúbà, mẹ́rin. Àlàmísì, karùn-ún, iná. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?"

Mounifatou wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ìka rẹ̀ ń bá a kà láìjẹ́ pé ó rán wọn níṣẹ́. Láádì, kókó kan.

Òun ò tú kókó kankan ní Láádì.

Bàbá wọn, Àlùfáà Alidou, kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dé etí rẹ̀ ní àkókò náà bí ẹni dúró lẹ́yìn rẹ̀. Tírà lọ́wọ́, á máa kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé oòrùn ni ilẹ̀kùn ọjọ́: tó bá ti wọ̀, ọjọ́ ti tì, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ti di ti ọ̀la. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ka ààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ka òru Jímọ̀. Ó ti kí ìrun ìrọ̀lẹ́ tán kí okùn tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Lójú ọmọ àlùfáà, Láádì ti kọjá. Àtìní ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ó sì fi gbogbo ọkàn ṣe é, kò jẹ́ kí àárọ̀ kan fò ó. Ṣùgbọ́n ọdẹ kì í fi ìrun pín ọjọ́. Lójú ọdẹ, ọjọ́ ò tíì tán àfi tí èèyàn bá sùn. Ọmọ ìlú Tchaourou ni òun, kò sí okùn ọdẹ tó wọ ilé wọn rí. Ká ní Kassimou fi okùn lé òun lọ́wọ́ lọ́sàn-án ni, ká ní àwọn òyìnbó tètè wọlé, ká ní Abdou jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ka gbogbo ìyẹn náà. Kò dín ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kù.

Ọ̀la ni. Ẹnu òun ló ti jáde, Karimou sì fi ìdajì iṣu lé òun lọ́wọ́.

Mùsíè ní kí Abdou bi gbogbo òṣìṣẹ́ bóyá ẹnikẹ́ni rí okùn kankan. Abdou béèrè, ó sì tẹjú mọ́ Mounifatou bó ṣe ń béèrè. Agbọ́únjẹ ní rárá. Awakọ̀ ojú omi ní rárá. Ó kan Mounifatou. Kassimou yí orí rẹ̀ lórí igi, ojú kan ti wú pa, ó fi ojú kan yòókù wò ó. Ó mọ ẹni tó fún ní okùn. Ọ̀rọ̀ kan péré, wọ́n á tú u sílẹ̀, wọ́n á so òun rọ́pò. Kassimou tún yí orí rẹ̀ padà, ó fi iwájú orí ti èèpo igi, kò dárúkọ rẹ̀.

Mounifatou ní òun ò rí okùn. Seidou ń bá ẹgba lọ.

Wọ́n sin Karimou ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò sí ara tí wọ́n lè wẹ̀ dáadáa, wọ́n da omi sí i, wọ́n fi aṣọ dì í. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbé e. Salamatou ìyàwó rẹ̀ dúró pẹ̀lú oyún oṣù méje, kò ké, kò yíra nílẹ̀, gbogbo èèyàn ń sọ pé ó ti gba kádàrá. Àwọn èèyàn ò tíì kúrò lójú oórì nígbà tó wọ ilé ìdáná kánpúmáà, tó gbé ọmọ odó. Ó gba àárín àwọn gàdì kọjá, kò sì sí èyí tó dá a dúró, àwọn kan tilẹ̀ yà fún un. Ó gbé ọmọ odó sókè bí ẹni fẹ́ gún iyán àsè, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ lórí èjìká Kassimou.

Egungun náà dún. Gbogbo wọn gbọ́ ọ.

"Ìwọ lo bá mi jẹun nílé," Salamatou ní. "Mo bu ọbẹ̀ fún ẹ."

Ó tún gbé e sókè. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ba ìhà. Mounifatou ló sáré dì í mú lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ gbá ikùn oyún náà mọ́ra, ọmọ inú rẹ̀ sì ta ẹsẹ̀ lu ọwọ́ rẹ̀. Salamatou fara tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nígbà náà. Ó ń pè é ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Orúkọ tó sọ ọ́ ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ nìyẹn, torí ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ tó bá nílé lórúkọ. Ó ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, jẹ́ kí n pa á, ìwọ náà ọkọ mi ni, bá mi pa á.

Abdou pe Mounifatou sẹ́yìn ilé ìdáná. Wọ́n ti fi ewé àti òrí di apá rẹ̀. Kò halẹ̀ mọ́ ọn. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bá a sọ̀rọ̀, ó ní kó ju okùn sínú ààrò, iná tó jó Karimou kò ní ṣàì lè jó okùn. Mounifatou pè é ní tonton, bí ọmọdé ṣe ń pe àgbà, ó ní àmọ́ Kassimou ò purọ́. Abdou ní òun mọ̀, òun náà gbọ́ bó ṣe kà á. Ó ní òtítọ́ ò ní jí òkú dìde. Ó ní òyìnbó fẹ́ orí kan, orí kan ló sì ti wà lórí igi yẹn. Tó bá mú okùn jáde, wọ́n á ní òun ló pa òyìnbó, wọ́n á ní Abdou ló bò ó mọ́lẹ̀. Bí orí méjì tún ṣe máa kún ẹyọ kan nìyẹn. "Salamatou á wá mọ ẹni tó sọ ọ́ di opó," ó ní. "Ṣé ìyẹn lo fẹ́?"

Ìyẹn nìkan ló bà á lẹ́rù nínú gbogbo ohun tó sọ. Mounifatou tẹ̀ síwájú ààrò. Ó na okùn sórí ẹyin iná. Ooru gbá a lọ́wọ́, irun apá rẹ̀ ká kò, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀ kí ó lè mọ bó ṣe rí. Kò pẹ́ tó fi fà á yọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti lé ròrò. Okùn ṣì wà nínú rẹ̀.

Ó ní kí Abdou máa lọ sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gba Ọ̀nà Ẹyẹ kọjá. Kò sí ẹyẹ. Eérú ti bà sórí ìrì, sórí òkúta ẹlẹ́fun, wọn ò funfun mọ́. Ó wá ilé ọkàn rẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sódò, kò rí i. Kassimou ṣì wà lórí igi, eṣinṣin bò ó, àyà rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Mounifatou bu omi fún un mu. Gàdì tó ń ṣọ́ ọ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kassimou mu díẹ̀, ìyókù dà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. 

Láti ọ̀nà Tchaourou, fèrè mọ́tò Kùmándà dún, ó ṣì jìnnà.

Salamatou jókòó lórí ẹní nínú yàrá Karimou, ó kó aṣọ ọkọ rẹ̀ lé itan. Ó gbójú sókè nígbà tí Mounifatou wọlé.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́," ó ní, "ṣé wọ́n ti pa á?"

Mounifatou kúnlẹ̀. Kò yẹ kí ọkọ kúnlẹ̀ fún ìyàwó, Salamatou sì na ọwọ́ láti gbé e dìde. Ọwọ́ náà ni Mounifatou fi okùn sí.

"Ìyàwó wa, okùn ọdẹ nìyí. Kassimou fún mi ní Láádì, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Mo kà á bí bàbá wa ṣe kọ́ mi, mo fi ọjọ́ kan ṣì í. Ní àárọ̀ Àlàmísì, Karimou bi mí, mo ní ọ̀la ni. Mo ní ọ̀la ni, ó sì lọ. Àná wọ́n bi mí, mo ní n ò rí okùn." Fèrè tún dún, ó ti sún mọ́ tòsí. "Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n pa Kassimou. Mo ń mú okùn yìí lọ bá Kùmándà báyìí, màá sọ ọ́ fún un lójú gbogbo wọn pé èmi ni. Mo kọ́kọ́ wá sọ fún ẹ, torí ìwọ ni mo sọ di opó. Dá okùn mi padà, kí n máa lọ."